Ta Ni O Mọ̀ Níbí?

Abẹ́ Ọ̀pá Ọ̀ránmíyàn ní Ifẹ̀ la dúró sí tí bàbá mi fi bi mí. Láti àárọ̀ ni mo ti ń ṣàlàyé bọ̀, tí mò ń ka ọdún, tí mò ń dárúkọ, tí mò ń nawọ́ sí èyí, tí mò ń nawọ́ sí tọ̀hún. Wọ́n gbọ́ mi títí. Wọ́n tún fìlà wọn dé dáadáa, wọ́n ní, "Àkànní, gbogbo èyí dára o. Ṣùgbọ́n ta ni o mọ̀ níbí?"

Mo ní mo mọ èèyàn. Mo dárúkọ ọ̀gá mi níbi iṣẹ́, mo dárúkọ ẹni tí a jọ ń gbé ojúlé kan náà, mo fi ìyá tó ń ta ìrẹsì lẹ́bàá ọ́fíìsì wa kún un. Wọ́n mi orí. Wọ́n ní ará kámpọ́ọ̀sì ni gbogbo ìyẹn, ará Ifẹ̀ làwọn ń bèèrè. Ẹni tí mo lè lọ kan ilẹ̀kùn rẹ̀ láìwí tẹ́lẹ̀ bí ilẹ̀ bá ṣú mi sígboro. Ẹni tó jẹ́ pé bó bá gbọ́ pé bàbá mi wá tí n kò sì mú wọn yà, á bínú.

Mo dákẹ́. Ọkùnrin tó ń mú àlejò yí òkúta náà ká rò pé ọ̀rọ̀ wa ti parí, ló bá tún bẹ̀rẹ̀ ìtàn.

Ìbéèrè kékeré ni. Kò sí ìbáwí nínú ohùn wọn. Ṣùgbọ́n ó bá mi délé lálẹ́ ọjọ́ náà, nígbà tí bàbá mi sì ń padà sí Ọ̀yọ́, wọn ò mú un lọ.

Kámpọ́ọ̀sì yunifásítì tí mo ti ń ṣiṣẹ́ la ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà, nítorí ibẹ̀ ló yá mi lára jù. Ọkọ̀ mi la gbé. Awakọ̀ lọ́rì ni bàbá mi fún èyí tó pọ̀ jù nínú ayé wọn, nítorí náà ẹsẹ̀ wọn ò kúrò lórí bíréèkì tí kò sí níwájú wọn. Dòdò Ìkirè tí wọ́n rà lójú ọ̀nà wà lórí itan wọn, nínú ewé, nínú ọ̀rá. Mo rò pé èmi ni wọ́n rà á fún. Mo rọra ń wa ọkọ̀ lọ lórí Road 1 kí wọ́n lè rí bí igi ṣe tò lọ lọ́tùn-ún lósì, kí wọ́n rí òkè kí ilé tó yọ. Mo sọ fún wọn pé ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn àtijọ́ ló dá Yunifásítì Ifẹ̀ sílẹ̀ ní 1961, pé Ìbàdàn ni wọ́n ti kọ́kọ́ ń kọ́ni láti 1962, pé 1967 ni wọ́n tó kó wá sí Ifẹ̀, àti pé ní 1987, nígbà tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ kú, ni wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ ilé ìwé náà. Bàbá mi ní àwọn mọ ti Awólọ́wọ̀. Ti 1967 ni wọ́n dá mi dúró lé lórí. Wọ́n ní ẹ̀yìn ọkọ̀ làwọn wà lọ́dún wọ̀nyẹn, tí àwọn ń kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́, àwọn sì máa ń rí lọ́rì tó kó sìmẹ́ǹtì tí wọ́n ń gba Gbọ̀ngán lọ sí Ifẹ̀ lemọ́lemọ́. Àwọn ò mọ ohun tí wọ́n ń fi kọ́. "Èyí náà nìyí?" Mo ní èyí náà ni.

Ibi àwọn ilé ẹ̀ka ìmọ̀ ọmọnìyàn ni wọ́n ti ní kí n dúró. Arieh Sharon, ará Ísírẹ́lì tó kẹ́kọ̀ọ́ ní Bauhaus ní Jámánì, ló ya àwòrán kámpọ́ọ̀sì náà. Ó kọ́ àwọn ilé yẹn kí àjà òkè fẹ̀ ju ti ìsàlẹ̀ lọ, kí èyí tó wà lókè lè máa ṣíji bo èyí tó wà lábẹ́ rẹ̀, kí oòrùn àti òjò má ráyè wọ yàrá, kí atẹ́gùn sì máa gba inú ilé kọjá. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gba abẹ́ rẹ̀ lọ lójoojúmọ́ láìgbójú sókè. Bàbá mi sọ̀ kalẹ̀, wọ́n wò ó láti ìpìlẹ̀ dé òrùlé. Wọ́n ní, "Bí mo bá di ẹrù báyìí, Ìkirè ni màá ti dojú dé." Wọ́n yí i ká. Wọ́n fọwọ́ kan òpó. Wọ́n wá ní ẹni tó kọ́ ọ mọ ibi tí ìwọ̀n gbé wà, òun ni kò jẹ́ kó wó, ó kàn fẹ́ kó máa ṣe ẹni bí ẹni pé yóò wó ni. N kò tíì gbọ́ lẹ́nu onímọ̀ ìyàwòrán ilé kankan àlàyé tó tẹ́ mi lọ́rùn jù ìyẹn lọ.

Ìgboro ló kàn. A lọ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààfin, ní Ẹnúwá. Mo ti múra ọ̀rọ̀ sílẹ̀ níbẹ̀ ju ibi gbogbo lọ. Ní 1938, àwọn tó ń wa ìpìlẹ̀ ilé ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀, tí kò jìnnà sí ààfin, ni ọkọ́ wọn kan orí idẹ nínú ilẹ̀. Ọ̀kan jáde, òmíràn jáde, títí tí wọ́n fi lé ní 15. Àwọn onímọ̀ ní ọjọ́ orí wọn tó 600 ọdún, bí kò bá jù bẹ́ẹ̀ lọ. William Bascom, ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà, ra méjì lọ, ó sì dá wọn padà ní 1950. Ọ̀kan wà ní British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù títí di òní. Bí mo ṣe ń sọ gbogbo èyí, bàbá mi ti sún mọ́ orí kan, ojú wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan dígí. Ilà tín-ín-rín ló fà wálẹ̀ lójú orí náà láti iwájú orí dé àgbọ̀n, ihò wẹ́wẹ́ yí ẹnu rẹ̀ ká. Dígí sì gbé ojú bàbá mi àti àbàjà wọn lé ilà ojú ẹni yẹn lórí, débi pé láti ẹ̀gbẹ́ ibi tí mo dúró sí, n kò tètè mọ ilà ta ni ti ta.

Wọ́n ní, "Ọmọ ta ni?"

Mo ní wọn ò mọ̀. Mo ní ìbòjú kan wà tí wọ́n fi bàbà rọ, tí ààfin tọ́jú bọ̀ láti ayébáyé, tí wọ́n ń pè ní Ọbàlùfọ̀n. Ṣùgbọ́n àwọn orí tí wọ́n wú yìí, àwọn kan ní ọba ni wọ́n, kò sì sẹ́ni tó lè fọwọ́ sọ̀yà orúkọ ọ̀kan. Bàbá mi dúró díẹ̀ sí i. Wọ́n ní ó ṣe, pé èèyàn wà tójú ẹ̀ mọ́ tó báyìí, kí wọ́n má mọ orúkọ tí ìyá ẹ̀ ń pè é.

Àtibẹ̀ la ti lọ síbi Ọ̀pá Ọ̀ránmíyàn: òkúta gíga bí ẹsẹ̀ bàtà 18, tí wọ́n gbá ìṣó irin mọ́ lára. Ìtàn tí wọ́n ń sọ níbẹ̀ ni pé Ọ̀ránmíyàn, jagunjagun náà, ṣèlérí fún Ifẹ̀ pé bí ogun bá dé kí wọ́n pe òun. Ọjọ́ tí kò sí ogun ni wọ́n pè é, níbi tí wọ́n ti ń ṣe fàájì. Ó jáde, ó pa àwọn èèyàn rẹ̀ kó tó mọ̀ pé tirẹ̀ ni wọ́n, ó fi ọ̀pá gúnlẹ̀ níbẹ̀, kò sì tún jà mọ́. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni bàbá mi. Wọ́n gbọ́ ìtàn náà délẹ̀, wọ́n fi sùúrù sọ fún ọkùnrin tó ń sọ ọ́ pé Ọ̀ránmíyàn tó tẹ Ọ̀yọ́ dó náà là ń sọ, pé ẹni tó bá ti jọba níbì kan, ibẹ̀ ni kí wọ́n ti bèèrè rẹ̀. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ní, "Bàbá, ilé ló padà wá." Wọ́n jọ ṣe é bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, inú àwọn méjèèjì dùn. Ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n kọjú sí mi, tí wọ́n bi mí ní ìbéèrè wọn.

Nígbà tí mo wà ní kékeré, ìyá mi a máa mú mi lọ sí Ṣakí, ìlú wọn. Àpáta pọ̀ ní Ṣakí. Ẹni tó bá fẹ́ fi ìlú náà han àlejò lónìí, orí àpáta ni yóò kọ́kọ́ gbé e gùn kí wọ́n lè ya fọ́tò. N kò rántí pé ẹnikẹ́ni fi àpáta kankan hàn mí. Ilé dé ilé ni wọ́n ń mú mi lọ. Kí n tó mu omi tán la ti jáde: ilé Bàbá Àgbà, ilé ẹ̀gbọ́n ìyá mi, ilé obìnrin tó gbẹ̀bí ìyá mi, ilé ẹni tí a jọ ń bára wa ṣẹjọ́ ilẹ̀ pàápàá. Mo ń dọ̀bálẹ̀, mò ń dìde. Wọ́n á dì mí lágbọ̀n mú, wọ́n á yí ojú mi síbi ìmọ́lẹ̀, wọ́n á ní, "Imú bàbá ẹ̀ ló gbé wá," ẹlòmíràn á ní rárá, iwájú orí ìyá àgbà tó kú nìyẹn. Wọ́n á bu ẹ̀pà sí mi lọ́wọ́. Ó máa ń sú mi. Nígbà tí ilẹ̀ bá fi máa ṣú, gbogbo ìlú ti rí mi, èmi ni n kò tíì rí ìlú.

Àṣé èmi ni wọ́n fi ń han ìlú. Ọ̀nà tí àwọn òbí wa gbà ń fi ìlú han ọmọ nìyẹn, kì í sì í ṣe eré. Lẹ́yìn ọjọ́ náà, kò síbi tí mo lè ṣìnà dé ní Ṣakí tí wọn ò ní fi imú mi mú mi délé. Kò síbi tí mo ti lè jí mángòrò tí ìròyìn ò ní ṣáájú mi dé ọ̀dọ̀ ìyá mi. Ẹni tí ìlú bá ti mọ̀, ìlú ti gbà á sọ́rùn, ó sì ti di ẹni tí wọ́n lè bá wí. Ọ̀nà tí mo gbà fi Ifẹ̀ han bàbá mi yàtọ̀ pátápátá. Èmi àti wọn dúró níta, a ń wòran.

Ṣùgbọ́n mo bá ara mi jiyàn lórí ọ̀rọ̀ yìí, n kò tíì dákẹ́. Kíkí ilé dé ilé dára fún ẹni tó ní ilé láti kí. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ti Kàlàbá wá ńkọ́, àwọn tó ń ti Bẹ́núè wá, tí wọn ò lẹ́nì kankan ní gbogbo ilẹ̀ Yorùbá? Òkúta kì í bi wọ́n pé ọmọ ta ni wọ́n. Ẹnikẹ́ni ló lè dúró síwájú orí idẹ, kó sanwó ìwọlé, kó wò ó títí ojú ẹ̀ á fi kún. Nínú kíkí náà, ẹ̀tàn kékeré wà. Ilé kan wà ní Ṣakí tó jẹ́ pé bí a bá dé ibẹ̀, ìyá mi á di ọwọ́ mi mú gírígírí, a ó sáré kọjá. Mo ti dàgbà kí n tó mọ ìdí. Ẹni tó ń mú ọ kí ìlú, ìlú tirẹ̀ ló ń mú ọ kí, àwọn kan lára àwọn tó bá a ní gbólóhùn asọ̀ ò sí nínú rẹ̀. Orí idẹ ò ní ọ̀tá mọ́.

Ibi tí àwíjàre mi ti ń mì ni pé èmi kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ti Kàlàbá wá. Yorùbá ni mo ń sọ. Ilé mi ò jìnnà. Wọ́n ní àlejò lójú ṣùgbọ́n kò fi ríran. Wọn ò sọ iye ọdún tí èèyàn gbọ́dọ̀ lò níbì kan kó tó di pé wọn ò ní pè é lálèjò mọ́. Ó jọ pé ọdún kọ́ ni wọ́n fi ń kà á.

Yunifásítì fúnra rẹ̀ pàápàá, àlejò ni ní Ifẹ̀. Ó dé láti Ìbàdàn, wọ́n fún un nílẹ̀, ó ri géètì. Ṣé ó kí onílé? Ó kí wọn lọ́nà kan: ó pe gbọ̀ngàn ńlá rẹ̀ ní Odùduwà, ó pe ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́bìnrin ní Mọ́remí. Àwọn tó ti kú nìyẹn. Ti àwọn alààyè ló ṣòro. Ká má purọ́ ṣá, àwọn kan gbìyànjú. Nígbà tí Ọlá Rótìmí kọ́kọ́ gbé The Gods Are Not to Blame sórí ìtàgé ní 1968, àwọn eléré Orí Olókun ló ṣe é, ìgboro Ifẹ̀ sì ni ibùdó wọn wà, kì í ṣe ẹ̀yìn géètì. Ọ̀jọ̀gbọ́n Wándé Abímbọ́lá tó ṣe gíwá láti 1982 di 1989, ọ̀dọ̀ àwọn babaláwo ló lọ jókòó sí kó tó gbé Ifá wọ kíláàsì. Àwọn yẹn mọ èèyàn. Ẹ̀rù ń bà mí pé àwa tí a dé lẹ́yìn wọn, ìwé tí wọ́n kọ nípa àwọn èèyàn náà la mọ̀.

Bàbá mi ò dúró de èsì mi. Bí a ṣe wọ ọkọ̀ báyìí, wọ́n ní kí n kọrí sí ọ̀nà Sábó, àwọn fẹ́ yà kí ẹnìkan. Mo ní ṣé wọ́n mọ èèyàn ní Ifẹ̀ ni? Wọ́n wò mí. Wọ́n ní ta ni mo rò pé ó ń kó kòkó ilẹ̀ yìí lọ sí Ìbàdàn àti Àpápá láyé ọjọ́sí? Wọ́n ti kó àpò kòkó kúrò ní Ifẹ̀ títí wọn ò mọ iye, wọ́n ti sùn sábẹ́ ọkọ̀ nínú gáréèjì Ifẹ̀, wọ́n ti jẹ iyán Ifẹ̀ lórí ìdúró. Wọn ò dé ààfin rí. Wọn ò rí Ọ̀pá Ọ̀ránmíyàn rí àfi lọ́jọ́ yẹn. Ẹni tí wọ́n ń wá, Sùúrù-Lérè ni wọ́n ń pè é.

Mo ní kí ni orúkọ rẹ̀ gan-an. Wọ́n ní Sùúrù-Lérè ni. Ohun tí wọ́n kọ sí pátákó orí lọ́rì rẹ̀ nìyẹn, òun sì ni gbogbo awakọ̀ fi mọ̀ ọ́n. Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ nílé kò kan ẹnikẹ́ni lójú ọ̀nà.

Àwọn ọmọdé awakọ̀ tí a bá ní gáréèjì rẹ́rìn-ín. Wọn ò gbọ́ ọ rí. Ọ̀kan ní kí bàbá dúró kóun wò ó lórí Facebook. Bàbá àgbàlagbà kan tó ń lẹ táyà lábẹ́ agboòrùn ló gbọ́ tí a ń bèèrè, ó sì gbé òòlù tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní Sùúrù-Lérè ti kú, ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta kan. Àwọn ẹbí rẹ̀ ò sí ní ilé tí bàbá mi mọ̀ yẹn mọ́, láti ìgbà ìjà. Modákẹ́kẹ́ ni wọ́n wà. Ó júwe rẹ̀ fún wa, kò sì jẹ́ ká lọ kí ó tó bi bàbá mi pé lọ́rì wo lẹ̀ ń wà nígbà náà. Nígbà tí wọ́n dá a lóhùn, ariwo ọkọ̀ kan ò jẹ́ kí n gbọ́.

Ẹni tí kì í ṣe ará ibẹ̀ kò ní mọ ìgbà tó kúrò ní Ifẹ̀ tó bọ́ sí Modákẹ́kẹ́. Títì kan náà ni, kò sí ibodè láàárín. Àwọn tí ogun lé wá láti ilẹ̀ Ọ̀yọ́ ní nǹkan bí 200 ọdún sẹ́yìn ló wá tẹ̀dó síbẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ifẹ̀, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ àti ìṣákọ́lẹ̀ sì ti dá ìjà sílẹ̀ láàárín ìlú méjèèjì léraléra. Èyí tó gbẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ ní 1997, ó sì wọ 2000. Mo ti kà nípa rẹ̀. Mo mọ ibi tí ìwé náà wà nínú ilé ìkàwé.

Ìyá tó ṣílẹ̀kùn fún wa ti ju ẹni 70 ọdún lọ. Ó fi ọwọ́ ṣíji bojú, ó wo bàbá mi, a ò tíì sọ̀rọ̀ kankan. Ó ní, "Ẹ̀yin kọ́ ni Ta-Ló-Mọ̀la?"

N kò gbọ́ orúkọ yẹn rí láyé mi. Mo mọ orúkọ bàbá mi, mo mọ oríkì wọn, mo mọ orúkọ tí ìyá mi ń pè wọ́n nígbà tínú rẹ̀ bá dùn àti èyí tó ń pè wọ́n nígbà tí kò bá dùn. Nígbà tí wọ́n bí mi, wọ́n ti ta lọ́rì àkọ́kọ́ wọn. Nígboro Ifẹ̀, níbi tí mo ń gbé, tí mo rò pé èmi ni mo ń fi hàn wọ́n, èèyàn wà tó mọ bàbá mi lórúkọ tí èmi ọmọ wọn kò mọ̀.

Ìyá náà ń sunkún, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Ó ní lọ́jọ́ tí ọkọ̀ ọkọ òun kú sójú ọ̀nà Gbọ̀ngán pẹ̀lú ẹrù kòkó, lálẹ́, ta ló fi okùn fà á délé, tí kò gba kọ́bọ̀? Bàbá mi ní àwọn ò rántí. Ó ní òun rántí. Ó bu omi wá. Bàbá mi na dòdò Ìkirè sí i, a jókòó. Wọ́n sọ̀rọ̀ àwọn tó ti kú, wọ́n sọ̀rọ̀ àwọn tí wọn ò mọ bóyá wọ́n ti kú. Ó wá sọ ti ìjà náà ní ṣókí. Ọmọ Ifẹ̀ lòun, Ìrẹ̀mọ ni ilé bàbá òun. Ọmọ Modákẹ́kẹ́ ni ọkọ òun. Nígbà tí ìbọn bẹ̀rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì lòun ti ní àbúrò, òun ò mọ èyí tí òun ìbá sá lọ bá. Ilé tí bàbá mi mọ̀ jó, pẹ̀lú ohun gbogbo tó wà nínú rẹ̀. Ó ní Ọlọ́run ti bá wọn pa á tì, ó sì bèèrè bóyá ẹran tàbí ẹja ni kóun fi sí ọbẹ̀.

Nínú gbogbo ohun tí mo fi han bàbá mi láàárọ̀ ọjọ́ náà, kò sí èyí tó mẹ́nu kan ìyẹn. Kò sí òkúta fún un. Orí tó wà nílẹ̀ láti 600 ọdún, mo mọ ọdún tí wọ́n wú u àti orúkọ òyìnbó tó rà á. Ilé tó jó nígbà tí èmi náà ti ní làákàyè, inú ilé ìyá yìí ni mo ti mọ̀ pé dígí àwòrán ìgbéyàwó rẹ̀ ló kọ́kọ́ fọ́. N kò ní kí wọ́n wó ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Bàbá mi fúnra wọn ṣì ń sọ̀rọ̀ orí idẹ yẹn. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tó jẹ́ pé àfi kí wọ́n gbé àga fún èèyàn kó tó gbọ́ ọ.

Nígbà tó kù díẹ̀ ká dìde, bàbá mi gbọwọ́ lé mi léjìká. Wọ́n ní, "Ọmọ mi rèé. Yunifásítì ló ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ máa bá mi wò ó." Mo tún dọ̀bálẹ̀, ní àgbàlagbà mi, lórí sìmẹ́ǹtì. Ìyá náà dì mí lágbọ̀n mú, ó yí ojú mi sí ẹnu ọ̀nà níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Ó ní imú Ta-Ló-Mọ̀la nìyí. Ó pe àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ jáde kí wọ́n wá wò mí, ó pe ará ilé kejì. Ó ní bí wọ́n bá rí mi nígboro, kí wọ́n mọ̀ pé ọmọ ilé ni mí.

Bàbá mi sùn lójú ọ̀nà bí a ṣe ń padà. Ó jọ pé ohun tó gbé wọn wá gan-an ni wọ́n ti ṣe tán.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni ìyá náà pè mí lórí fóònù. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ obìnrin ti ṣe JAMB, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló fẹ́ kọ́, kí ni kí wọ́n ṣe báyìí? Mo ṣàlàyé fún un pé n kò sí níbi tí wọ́n ti ń gbani wọlé, pé n kò lágbára kankan lórí rẹ̀. Ó ní àwọn mọ̀ bẹ́ẹ̀. "Ṣáà máa bá wa bèèrè." Ẹni tí a jọ ń ṣiṣẹ́ rẹ́rìn-ín nígbà tí mo sọ fún un. Ó ní ìdí tí òun kì í fi yà síbikíbi nìyẹn, pé bí wọ́n bá ti mọ ọ̀nà ilé rẹ, ó tán. N kò lè sọ pé irọ́ ló pa. Mo ti gba ìpè lẹ́yìn ìyẹn nípa owó orí ilé, nípa ògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, àti nípa bí èèyàn ṣe lè rí ọmọ rẹ̀ tó wà ní Líbíyà bá sọ̀rọ̀. Ìyá náà náà ti fi iṣu ránṣẹ́ sí mi, èyí tí n kò bèèrè, tí n kò sì mọ bí mo ṣe lè kọ̀ ọ́. Bàbá tó ń lẹ táyà ní Sábó, ọmọ Ta-Ló-Mọ̀la ló ń pè mí báyìí. Kò dín kọ́bọ̀ kan nínú owó tó ń gbà lọ́wọ́ mi.

Ọmọbìnrin náà ń bọ̀ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Mo ti ní kó mú èsì ìdánwò rẹ̀ dání, kí ó sì ṣe ẹ̀dà rẹ̀ méjì nígboro kó tó wọ géètì, nítorí ó wọ́n jù níbí. Bàbá mi ti pè láti Ọ̀yọ́ láti bèèrè bóyá ó ti dé.